Níbo Ló Ń Lọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Tó Kúrò Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí gbogbo yín. Alága ní wákàtí kan ni mo ní. N kò ní lò ó tán, torí ìbéèrè kan péré ni mo gbé wá. Nǹkan tó bá kúrò lọ́wọ́ mi, níbo ló ń lọ?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí n kò tíì rí ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò fìyà jẹ rí. Ẹ ti jókòó sínú ọkọ̀ tí ọ̀nà dí pa, tí ẹ ń sọ fún ara yín pé ìjàǹbá ló máa wà níwájú. Ẹ wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ fi dé ibi tó yẹ kí ìjàǹbá náà wà, ẹ ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó bàjẹ́, kò sí ọlọ́pàá, kò sí kòtò. Ọ̀nà kàn ṣàdédé là ni. Kí ló wá dí i látàárọ̀?

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní Japan tẹ èsì ìdánwò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣe ojú ọ̀nà roboto kan tí àyíká rẹ̀ gùn tó mítà 230, wọ́n kó ọkọ̀ 22 sórí rẹ̀, wọ́n ní kí kálukú máa sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan, kó sì máa tẹ̀ lé ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Kò sí iná ojú pópó, kò sí oríta, kò sí ẹni tó ń já wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ìgbà tó yá, ẹnìkan sún mọ́ ti iwájú jù, ó yọ ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí iná ọkọ̀. Ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ rí i, òun náà yọ ẹsẹ̀, ẹ̀rù sì mú kó yọ ọ́ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e tẹ bíréèkì. Kò pẹ́, àwọn kan lẹ́yìn ti dúró gbagidi. Ìdúró yẹn wá ń rìn padà sẹ́yìn láàárín àwọn ọkọ̀ bí ìgbì omi, ní nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, nígbà tí ẹni tó kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ ti lọ ní tirẹ̀.

Ohun tó wù mí nínú ìdánwò yìí ni pé kò sí ọ̀daràn kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mutí, kò sẹ́ni tó gbé fóònù sétí. Ìṣọ́ra ló mú ẹni àkọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀. Tí ẹ bá bi í, á ní òun wakọ̀ dáadáa, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó ti ń wo aago, tó ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Àwọn méjèèjì kò ní mọ ara wọn láyé. Bí ọ̀pọ̀ ìpinnu wa ṣe ń rìn nìyẹn: ẹ̀yìn wa ló ń gbà kọjá, níbi tí ojú wa kò sí.

Kí n tó rò ẹjọ́ ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí n ro tèmi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀fun ń dùn mí gan-an. Dókítà kọ oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn fún mi, èyí tí a ń pè ní áńtíbáyótíìkì: hóró 14, méjì lóòjọ́ fún ọjọ́ méje. Nígbà tí ọjọ́ kẹta fi máa parí, ọ̀fun ti fúyẹ́, mo sì ti ń jẹun dáadáa. Mo ka ìyókù, ó ku mẹ́jọ. Mo ní kí n má fi ṣòfò. Mo ká páálí rẹ̀ padà, mo tì í sínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àbúrò mi ní eyín ò jẹ́ kí òun sùn. Mo rántí hóró mẹ́jọ mi. Mo kó o fún un, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà pé ọmọ ìyá mi rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Alexander Fleming ni ọkùnrin tó ṣàwárí áńtíbáyótíìkì tó ń jẹ́ penicillin ní ọdún 1928. Òun, Howard Florey àti Ernst Chain ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó dìde ní Stockholm láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ óò rò pé yóò kàn máa yọ̀ ni. Nígbà tó ń sún mọ́ òpin, ó pa ìtàn àròsọ kékeré kan. Ó ní ọ̀fun ń dun ọ̀gbẹ́ni kan. Ọ̀gbẹ́ni náà ra penicillin, ó dá ara rẹ̀ tọ́jú. Ìwọ̀n tó lò kò tó láti pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kojú oògùn náà. Ó kó o ran ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn di òtútù àyà sí obìnrin náà lára, wọ́n fún un ní penicillin, penicillin kò ràn án, ó sì kú. Fleming wá béèrè pé ta ló jẹ̀bi ikú obìnrin yìí. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé ọkọ rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, hóró mẹ́jọ yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo bi àbúrò mi léèrè. Kò tiẹ̀ rántí pé mo fún òun ní nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kòkòrò tó wà nínú ara aláìsàn kò le bákan náà. Àwọn kan rọ̀, àwọn kan gbó. Oògùn tí kò tó á kọ́kọ́ kó àwọn tó rọ̀ lọ, á wá gba àyè fún àwọn tó gbó láti máa bímọ. Nígbà tí a bá tún máa fi pàdé wọn, ọmọ àwọn tó gbó ló kù nílẹ̀. A máa ń sọ pé "oògùn yẹn kò gba ara mi mọ́", bíi pé ara wa ló kọ̀ ọ́. Ara kọ́. Kòkòrò ló kọ̀ ọ́, kòkòrò ọ̀hún kò sì mọ ilé mi yàtọ̀ sí ilé yín. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019 nìkan, èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27 ló kú káàkiri ayé nítorí pé kòkòrò tó mú wọn kò gbọ́ ti oògùn mọ́. Kì í ṣe aláìsàn nìkan ló fà á, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn dókítà kan ń kọ ọ́ fún òtútù lásán tí oògùn yẹn kò lè wò. Àwọn olùsìn ẹran ń dà á sínú oúnjẹ ẹran kí ẹran lè tètè sanra. Ṣùgbọ́n àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un kí àwọn dókítà tó wà níbí má baà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìmọ̀ ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà Fleming: àwọn àrùn kan wà tí wọ́n ti rí i pé ọjọ́ mélòó kan tó fún, kò pọn dandan kí a lò ó pẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ oògùn ni kó pinnu ìyẹn. Èmi tí mo fi oògùn ọ̀fun wo eyín, n kò sí lára àwọn tó lè pinnu nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù lónìí ni ti igún. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ní Íńdíà náà, kò sẹ́ni tó dìde pé òun fẹ́ pa á. Àánú ló pa á.

Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ kan tó ní akọ màlúù kan ṣoṣo tó fi ń túlẹ̀. Màlúù náà ń tiro. Tí kò bá dìde, oko ọdún náà ti bọ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ diclofenac di ohun tí tálákà lè rà. Òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún eegun àti ẹ̀yìn ríro. Wọ́n gún màlúù náà lábẹ́rẹ́, ó dìde, ó rìn lọ sóko. Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀? Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn màlúù tí wọ́n gún ló yè. Àmọ́ àwọn mìíràn ti gbó, tàbí kí àìsàn wọn ti wọra jù, wọ́n kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí oògùn náà ṣì wà nínú ẹran ara wọn.

Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í jẹ ẹran màlúù. Tó bá kú, wọ́n á bó awọ rẹ̀, wọ́n á wọ́ ìyókù lọ sí ẹ̀yìn ìlú, igún á sì sọ̀ kalẹ̀. Agbo igún lè jẹ òkú màlúù kan tán ní nǹkan bíi wákàtí kan, kó ku egungun funfun. Iṣẹ́ ìmọ́tótó gidi ni, kò sì sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn. Igún a máa jẹ ohun tó ti jẹrà, ohun tí yóò pa èmi àti ẹ̀yin, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oògùn kékeré yìí, kíndìnrín rẹ̀ kò lè gbé e. Tó bá jẹ nínú rẹ̀, kíndìnrín á dákẹ́ iṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á dì sínú ara rẹ̀, á bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí a fi ẹfun kùn ún. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ ń rí wọn lórí ẹ̀ka igi, ọrùn wọn wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí a fi kọ́. Ẹyẹ náà á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á já bọ́.

Láàárín ọdún 1992 sí 2007, igún tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, tó jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù ní Íńdíà tẹ́lẹ̀, dín kù débi pé nínú 1,000, bóyá ni ẹyọ kan kù. Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ni. Ọdún 2004 ni Lindsay Oaks àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Pakistan tó kéde pé oògùn màlúù ni.

Ibi tó máa ń dá mi dúró nínú ìtàn yìí rèé. Àwọn onímọ̀ ṣírò iye òkú màlúù tó gbọ́dọ̀ ní oògùn náà nínú kí igún tó lè run báyẹn. Kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ẹ tún un gbọ́: kò tó ẹyọ kan. Igún kì í dá jẹun, òkú kan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn máa ń bò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyẹ kan náà sì ń jẹ lára òkú kan lónìí, lára òmíràn ní ọ̀túnla. Bó bá ṣe pé gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ló pé jọ, tí àwọn 99 nínú 100 sì búra pé àwọn kò lo oògùn yẹn, igún ì bá kú náà.

Níbo ló tún lọ? Òkú màlúù ń jẹrà nílẹ̀. Ajá ìgboro rí ohun jẹ, wọ́n ń bí sí i. Ajá pọ̀, ìbunijẹ pọ̀, àrùn dìgbòlugi sì ń tẹ̀ lé e. Ní Mumbai, àwọn ẹlẹ́sìn Parsi kì í sin òkú sílẹ̀, wọn kì í sì í sun ún. Orí ilé gogoro kan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí fún igún. Ọjọ́ dé tí wọ́n tẹ́ òkú èèyàn wọn, tí wọ́n gbójú sókè, tí ẹyẹ kò wá. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n díwọ̀n rẹ̀ pé láàárín 2000 sí 2005, èèyàn tó tó 500,000 ló kú ní Íńdíà tí ìbá má kú ká ní igún ṣì wà. Ìdíwọ̀n ni o, wọn kò ka òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn lórí iye náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní í bá wọn jiyàn lórí ọ̀nà tí wọ́n tọ̀: láti orí abẹ́rẹ́ dé orí màlúù, láti ara màlúù dé inú igún, láti ọ̀dọ̀ igún dé ẹnu ajá, láti ẹnu ajá dé ẹsẹ̀ ọmọdé.

Íńdíà, Nepal àti Pakistan fi òfin de diclofenac fún ẹran ní 2006. Òmíràn wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí kì í pa igún, meloxicam lorúkọ rẹ̀. Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Àwọn èèyàn lọ ń ra ti èèyàn, tó wà nínú ìgò oní-mìlílítà 30, wọ́n ń fi í gún màlúù. Ọdún 2015 ni ìjọba Íńdíà tó pàṣẹ pé ìgò ti èèyàn kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 3 lọ. Ta ló fẹ́ máa já ìgò mẹ́wàá nítorí màlúù kan? Òfin yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àmọ́ ẹni tó ro ó mọ èèyàn dáadáa.

Mo rí i lójú àwọn kan níbí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń wúwo. Tí àánú pàápàá bá ń pa ẹyẹ, kí ni kí ọmọ aráyé wá ṣe? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ bíi tàkọ́kọ́, tó wá gba ibòmíì lọ.

Àwọn fíríìjì àkọ́kọ́ tó wọ ilé àwọn èèyàn, gáàsì olóró ló wà nínú wọn. Tó bá jò lóru, ó lè pa ìdílé kan lójú oorun. Ní ọdún 1928, Thomas Midgley, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe gáàsì tuntun tí kì í gbiná, tí kò sì ní oró. Ní 1930, ó dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fa gáàsì náà sínú, ó rọra fẹ́ ẹ jáde sórí àbẹ́là, iná àbẹ́là kú. Gbogbo wọn rí i pé kò pa á, kò sì gbaná. Kó tó tó ìgbà yẹn, ọkùnrin yìí kan náà ló ti dábàá kí wọ́n máa po òjé mọ́ epo mọ́tò. Mo máa ń bi ara mi bóyá ẹlòmíì wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan kan ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀.

Gáàsì náà, CFC, kúrò nínú fíríìjì, ó wọ inú agolo tí wọ́n ń fín sí irun àti abíyá. Ẹni tó fín in láàárọ̀ kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, òórùn rẹ̀ á sì lọ kó tó di ọ̀sán. Gáàsì náà kò lọ. Ní 1974, onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Mario Molina àti Sherwood Rowland, kọ ọ́ pé ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí òsóònù wà, ìyẹn ìbòrí tó ń gba ìtànṣán oòrùn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara kó má baà dé ọ̀dọ̀ wa. Tí oòrùn bá fọ́ gáàsì náà lókè, ẹyọ kan ṣoṣo nínú èérún kílórínì tó bá jáde nínú rẹ̀ lè ba òsóònù tó tó 100,000 jẹ́ kó tó rọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àbá lásán ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni èyí: àwọn oníbàárà kò dúró de ilé-iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn padà sí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa. Títà àwọn agolo náà ti ń wálẹ̀ kí òfin tó dé. Òfin tó de CFC nínú agolo dé níbẹ̀ ní 1978. Ní 1985, àwọn ará Bìrìtìkó tó ń ṣiṣẹ́ ní Antarctica kéde pé òsóònù ibẹ̀ ti ń lu ihò ní ìgbà ìrúwé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal. Nígbà tó fi di 2009, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ti wọ inú rẹ̀. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, àwọn onímọ̀ ní ihò Antarctica yóò dí padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí ọdún 2066. Ẹ ka iye ọdún yẹn. Ẹni tó fín irun rẹ̀ lọ sí òde ijó ní 1975, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ti ní irun funfun kí ọ̀rọ̀ náà tó tán.

Aṣọ fífọ̀ ńkọ́? N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Aṣọ tí wọ́n fi polyester tàbí acrylic ṣe, ike ni, bó ti wù kó rọ̀ lára tó. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Plymouth, ní England, fọ aṣọ acrylic tó wúwo tó kìlógíráàmù mẹ́fà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n díwọ̀n rẹ̀ pé èérún tó bá omi rẹ̀ lọ ju 700,000 lọ. Ní 2019, àwọn mìíràn ṣí ikùn àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó jọ edé tí wọ́n rí ní kòtò Mariana, níbi tí òkun ti jìn jù láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 11. Gbogbo èyí tí wọ́n yẹ̀ wò láti ibẹ̀ ló ní èérún àtọwọ́dá nínú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀wù tó ti wá. Kí a má fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, kí a fọ̀ ọ́ nínú omi tútù nígbà tí ẹ̀rọ bá kún, kí a pẹ́ kí a tó ra tuntun, torí ìgbà tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń já jù: ohun tó wà ní agbára wa nìyẹn. Ó kéré, mo mọ̀.

Àtakò kan wà tí mi ò fẹ́ sá fún. Arákùnrin kan bi mí níjẹta pé ṣé kì í ṣe pé a ń di ẹrù àwọn ọlọ́rọ̀ lé orí mẹ̀kúnnù ni. Ó ní ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì BP ló náwó sórí ìpolówó, láàárín àwọn ọdún 2000, kí kálukú lè máa ṣírò èéfín tirẹ̀ dípò kó máa wo tiwọn. Òótọ́ ló sọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ó yẹ ká máa fura sí ẹni tó bá ń ta epo tó sì ń bi wá léèrè ìdí tí a fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo bi òun náà léèrè pé kí ló gbé òfin 1978 jáde? Àwọn tó ti fi agolo wọn sílẹ̀ ni aṣòfin ń gbọ́ ohùn wọn. Igún kò dúró nígbà tí òfin nìkan dé láìsí ọwọ́ àgbẹ̀. Òfin àti ọwọ́ kálukú ń wá ara wọn ni.

Ohun mìíràn tún wà tí arákùnrin náà kò kà sí. Ojú ń ríran. Àwọn méjì kan ṣe ìwádìí ní California, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012, pé tí ẹnìkan bá gbé páńẹ́ẹ̀lì iná oòrùn sórí òrùlé rẹ̀, àwọn tó wà ní àdúgbò kan náà á túbọ̀ máa fẹ́ gbé tiwọn sókè. Kò pọndandan kó wàásù fún wọn. Wọ́n rí i, wọ́n bi í léèrè iye tó ná an, ó dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ń wò ó pé iná tí òun fi oòrùn tàn kò tó nǹkan, kò tíì ka ojú tó ń wo òrùlé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Chicago kásẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀, kí n jókòó.

Ní etí adágún Michigan, ilé ńlá kan wà tó ń jẹ́ McCormick Place, tí fèrèsé gíláàsì bò. Ẹyẹ tó ń ṣí kiri láti apá kan ayé sí òmíràn, òru ni ọ̀pọ̀ wọn ń fò, ìràwọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Iná ilé máa ń fà wọ́n sílẹ̀, wọ́n á máa yípo, wọ́n á fi orí sọ gíláàsì. Ní ọdún 1978, David Willard, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Field Museum, gbọ́ pé ẹyẹ ń kú síbẹ̀. Ó yà wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí mélòó kan nílẹ̀, ó ṣà wọ́n. Ọjọ́ mìíràn, ó tún padà. Ó ń padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìntì, ẹyẹ tí wọ́n ṣà lẹ́sẹ̀ ilé yẹn nìkan sì ti ju 40,000 lọ. Ó ń wọn ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ jókòó ti ìwọ̀n tó kọ ní 2019, ti ẹyẹ 70,716 tí wọ́n ṣà káàkiri ìlú náà, wọ́n rí i pé láti 1978 ni ara àwọn ẹyẹ náà ti ń kéré sí i bí ayé ṣe ń móoru. Kò sẹ́ni tó rán an láti wá ìyẹn lọ.

Láti ọdún 2000, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó tan iná nínú àwọn fèrèsé náà àti èyí tó ṣókùnkùn. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ ní 2021 pé tí wọ́n bá dín fèrèsé tó ń tan iná kù dé ìwọ̀n tó kéré jù, ikú ẹyẹ níbẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 dín kù. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ló sùn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán rẹ̀ kárí ayé, ìtìjú mú àwọn tó ni ilé. Ní 2024, wọ́n lẹ àmì tóótòòtó mọ́ gíláàsì náà látòkè délẹ̀, ikú ẹyẹ ibẹ̀ sì wálẹ̀ jọjọ.

Ṣùgbọ́n fèrèsé kan péré ni mo máa ń rò. Ẹnìkan ṣiṣẹ́ tán níbẹ̀ lálẹ́, ó na ọwọ́ sí ògiri, ó pa iná, ó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú àpò, ó lọ sílé. Ní òwúrọ̀, Willard dé ibi tí fèrèsé yẹn wà, ó wo ilẹ̀, kò rí nǹkan kan ṣà. Ó fi àmì sí i nínú ìwé rẹ̀ pé ó ṣókùnkùn, ó sì kọjá sí èyí tó kàn.